Láti Odi dé Ọgbà: Àríyànjiyàn lórí Ilẹ̀, Omi àti Ibùgbé ní Ilé-Ifẹ̀, Ìlú Yunifásítì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi, ibùgbé àti ojú ọ̀nà fi ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ìgbà tí Yunifásítì ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní 1967. Ìtàn ìlú náà, òfin tó de ilẹ̀ àti ètò ìlú, àti àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àwọn ará ìlú fi ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ni a gbé yẹ̀wò. A fi hàn pé ọgbà Yunifásítì pín ìlú kan sí ibi méjì nínú ètò, ṣùgbọ́n àgbàrá, owó ilé àti oúnjẹ òòjọ́ àwọn ènìyàn kò mọ ọgbà. A tún fi hàn pé èdè tí a fi ń kọ ìwé ètò ìlú wà lára ohun tó ń mú kí àríyànjiyàn náà má tán, àti pé ojúṣe kan wà níbẹ̀ fún àwa onímọ̀ èdè Yorùbá.

Ìfáàrà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn wọ Ilé-Ifẹ̀ kì í kọ́kọ́ rí ààfin Ọọ̀ni tàbí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kàn, kí ó tó dé Mayfair, kí ó sì tó gba Lágeere lọ sí àárín ìlú. Nínú ọgbà náà, igi wà lọ́tùn-ún lósì, ilé jìnnà síra, koríko sì wà láàárín wọn. Ní ìta, ṣọ́ọ̀bù fara ti ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́kadà ń pe èrò, àgbàrá òjò sì ń wá ọ̀nà tirẹ̀ gba àárín ilé kọjá. Ìlú kan náà ni a ń pe méjèèjì.

Ìyàtọ̀ yìí ti mọ́ àwọn ará ìlú àti akẹ́kọ̀ọ́ lára débi pé wọn kì í bi ara wọn léèrè ohun tó fà á. Nígbà tí àríyànjiyàn bá dé, bóyá lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́lé sí, lórí owó yàrá tó gbówó lórí, tàbí lórí ilé tí ìjọba fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí lára pé òun yóò wó, ẹnu kì í kò. Ará ìlú a ní Yunifásítì ló gba ilẹ̀ àwọn baba òun. Akẹ́kọ̀ọ́ a ní onílé ń rẹ́ òun jẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba a ní àwọn ènìyàn kọ́lé sójú àgbàrá. Olúkúlùkù ló ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti tú okùn náà palẹ̀, kí a lè rí ibi tí ìdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń jẹyọ bí Yorùbá bá ń jíròrò lórí ìlú tó ń yí padà: ọ̀làjú, ìdàgbàsókè àti ohun amáyédẹrùn. J. D. Y. Peel, ẹni tó ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1978 tó fi ṣàlàyé pé ọ̀làjú jẹ́ ìlànà ìrònú odidi kan nípa ìtẹ̀síwájú. Ojú là, ènìyàn sì rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ ti òde wá, ìlú sì jàǹfààní rẹ̀. Nínú ìrònú yìí, ilé ẹ̀kọ́ ni ojúsun ọ̀làjú. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ìlú tó bá gba Yunifásítì á máa retí gbogbo ohun tó ń bá a rìn: omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná, ọ̀nà ọlọ́dà, ilé ìwòsàn àti iṣẹ́ olówó oṣù.

Ìdàgbàsókè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Ohun tó bá dàgbàsókè ti gbó, ó sì ti ga. Yorùbá kò da ìyẹn pọ̀ mọ́ fífẹ̀ tàbí gbígbòòrò. Aṣọ a máa fẹ̀, oko a máa gbòòrò, ṣùgbọ́n a kì í torí ìyẹn sọ pé wọ́n dàgbà. Ilé-Ifẹ̀ ti fẹ̀ gidigidi láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ tó jẹ́ oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Ẹdẹ ti di àdúgbò ilé akẹ́kọ̀ọ́. Bóyá ìlú náà ti dàgbà ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí, kódà nígbà tí wọn kò bá lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ẹ̀kẹta ni ohun amáyédẹrùn. Bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- àti àpólà mú ayé dẹrùn. Ọ̀rọ̀ náà sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, àmọ́ kò sọ ayé ẹni tó ń mú dẹrùn. Omi ẹ̀rọ tó dé ilé ọ̀gá tí kò dé ilé aláàárù, ohun amáyédẹrùn náà ni. Ọ̀nà tó mú kí mọ́tò sáré tó sì darí àgbàrá sínú ilé opó, òun náà ni. Àyè tí ọ̀rọ̀ yìí fi sílẹ̀ láìdí, ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ti ń wọlé.

Ìlú kí ọgbà tó dé

A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà, èyí tó sọ pé Yunifásítì tàbí ìjọba òyìnbó ló sọ Ilé-Ifẹ̀ di ìlú ńlá. Akin Mabógùnjẹ́, nínú ìwé rẹ̀ Urbanization in Nigeria tó jáde ní 1968, fi hàn pé àwọn ìlú Yorùbá ti jẹ́ ìlú ńlá kí òyìnbó tó dé. G. J. A. Ojo náà, nínú Yoruba Palaces (1966), ṣàlàyé bí ààfin, ọjà ọba àti ojú ọ̀nà ṣe so mọ́ra. Ààfin wà láàárín, ọjà wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà sì ti ibẹ̀ yà lọ sí ẹ̀ka ìlú gbogbo. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ààfin kò lè ṣìnà.

Ilé-Ifẹ̀ ní odi àti yàrà tó yí i ká, èyí tí Paul Ozanne wọ̀n tó sì ya àwòrán rẹ̀ nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1969. Ó tún ní ilẹ̀ tí a fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ ọ̀nà yìí to àfọ́kù ní ìdúró lórí etí rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun dárà sí i láàárín. Àwọn awalẹ̀pìtàn fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sí nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ló pàṣẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹsẹ̀ òun má baà kan ẹrẹ̀, àti pé àwọn tó ṣẹ̀ sí òfin ni a fi iṣẹ́ náà jẹ níyà. Yálà a gba ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí tàbí a kò gbà á, ó fi hàn pé àwọn ará ìlú ti mọ ìbéèrè wa tipẹ́: ta ni ilẹ̀ títẹ́jú wà fún, òógùn ta ni a sì fi tẹ́ ẹ?

Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ ṣe ìlú àtijọ́ lọ́ṣọ̀ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Odi ní ẹnu ibodè, oníbodè sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé. Ojúbọ àti àgbàlá àwọn ènìyàn pàtàkì ni a ti rí ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ alafọ́kù náà. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú. Nígbà tí odi wà, inú rẹ̀ ni ọba, ẹrú, alágbẹ̀dẹ àti alájàpá jọ wà. Ogun tó bá dé, gbogbo wọn ló dé bá. Odi kò pín ìlú sí méjì.

Ìlú àtijọ́ yìí ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ní 1938, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti kan àwọn orí onídẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kan ní Ìta Yemòó ni wọ́n kan àwọn ère mìíràn, èyí tó mú kí Frank Willett walẹ̀ níbẹ̀. Méjèèjì kọ́ wa pé ní Ilé-Ifẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà tàbí ìpìlẹ̀ ilé lè jẹ́ awalẹ̀pìtàn láìmọ̀. Òfin àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Òfin 77 ti ọdún 1979, ní kí ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ìjọba mọ̀. Àmọ́ ẹni tó fi owó àjọ ra ilẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó ti ra sìmẹ́ńtì sílẹ̀, tí òjò sì ń bọ̀, ó rọrùn fún un láti da yẹ̀pẹ̀ bo ohun tó rí. Ìlú tí kò bá ṣètò owó gbà-má-bínú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti yan ohun tí yóò pàdánù.

Bí ọgbà ṣe dé

Òfin ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961. Ní oṣù kẹwàá 1962, akẹ́kọ̀ọ́ 244 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ibùdó onígbà díẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní oṣù kìn-ín-ní 1967, nígbà tí Hezekiah Olúwasanmí jẹ́ ọ̀gá àgbà, wọ́n kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1987, lẹ́yìn ikú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́ náà.

Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ibùdó náà. Iṣẹ́ wọn yẹ fún àfiyèsí àwọn onímọ̀ Yorùbá. Ilé Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà yọ síta bó ṣe ń ga, tí àjà òkè fi ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, kí oòrùn má baà wọlé tààrà. Ìsàlẹ̀ ilé ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ kọjá. Wọ́n fi àwọn òkè sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá wọn. Gbọ̀ngàn Odùduwà gbé iṣẹ́ ọnà Yorùbá sára. Ilé tí kò nílò ẹ̀rọ amúlétutù láti tutù ni ilé tó bá ilẹ̀ yìí mu, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé tí a ń kọ́ lónìí ti gbàgbé.

Ṣùgbọ́n àwòrán tó dára nílò ilẹ̀. Ilẹ̀ tí a fún Yunifásítì ju 11,000 hẹ́kítà lọ, èyí tó pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní. Ilẹ̀ oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìrònú Yorùbá, ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tí a kò tíì bí. Ẹni tó wà láàyè kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ìjọba, ní tirẹ̀, ka ilẹ̀ sí ohun tí a lè gbà fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 tún fi ìdí èyí múlẹ̀, nígbà tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Lábẹ́ òfin yìí, ohun tó wà lórí ilẹ̀, bí ilé àti irè oko, ni a ń sanwó fún jù lọ.

Owó gbà-má-bínú ni Yorùbá ń pe irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fiyè sí orúkọ yìí. Kò sọ pé a ra nǹkan, kò sì sọ pé a san gbèsè. Ó sọ pé ẹnì kan ń bínú, pé ìbínú rẹ̀ tọ̀nà, àti pé a ń bẹ̀ ẹ́. Bí a bá ra ọjà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí a bá bẹ ènìyàn, ọmọ rẹ̀ lè béèrè lẹ́yìn ọdún méjìlélógún bóyá ẹ̀bẹ̀ náà tó. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìjọba kà sí ohun tó ti parí láti àwọn ọdún 1960 fi ń jí dìde nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé odi kan tàbí tí àwọn aládùúgbò bá kọ́lé wọnú ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Lójú ilé ẹ̀kọ́, olè ilẹ̀ ni wọ́n. Lójú ara wọn, ilé baba wọn ni wọ́n padà sí.

Ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́

Ilé ẹ̀kọ́ tí a yà lórí ìwé jẹ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa gbé inú ọgbà. Ìdí nìyí tí a fi kọ́ àwọn ilé ibùgbé bí Awólọ́wọ̀, Fájuyì àti Mọremí. Àmọ́ láti orí akẹ́kọ̀ọ́ 244, iye wọn ti kọjá 30,000, ilé ibùgbé inú ọgbà kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlú ló gba ìyókù. Kò sí ètò kan tó sọ pé kí ó gbà wọ́n. Àwọn onílé kàn rí i pé àlejò ń wá yàrá.

Èmi akọ̀wé iṣẹ́ yìí wà lára àlejò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Yàrá tí mo gbà ní ọ̀nà Ẹdẹ wà nínú ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún. Owó ọdún kan ni a ń san lẹ́ẹ̀kan náà. Kànga kan ló wà fún gbogbo wa, ihò ṣáláńgá sì wà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Mo ka ìṣísẹ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ kan tí akẹ́gbẹ́ mi kan ṣàìsàn inú rírun. Nígbà tí a sọ fún onílé, màmá àgbàlagbà kan, ó dá wa lóhùn pé òun náà ń mu nínú omi náà. Òtítọ́ ni. Yàrá tó wà lẹ́bàá kànga gan-an ni màmá ń gbé. Opó ni, owó ilé yẹn nìkan ló sì fi ń jẹun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ra fún àlàyé tó bá sọ onílé di ọ̀tá akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un nígbà tó ń kọ́lé pé kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣáláńgá, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tó wá wò ó.

Bí ìlú ti ń gbé akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ìlú. Ìgbà tí èyí hàn gbangba ni ìgbà ìyanṣẹ́lódì. Ní 2020, àwọn olùkọ́ Yunifásítì ní Nàìjíríà yan iṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta títí di oṣù Kejìlá. Ní 2022, wọ́n tún yàn án lódì fún oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn aránṣọ, àwọn tó ń tẹ ìwé, ọlọ́kadà àti onílé ni ó kọ́kọ́ kàn. Wọn kò sí lára ẹgbẹ́ tó yan iṣẹ́ lódì, wọn kò sì sí níbi tí a ti ń ṣe ìpàdé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìlú àti ọgbà nílò ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí tábìlì kan tí wọ́n ti ń jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó nílò ara wọn.

Omi kò mọ ọgbà

Yunifásítì ní adágún omi tirẹ̀ lórí odò Ọ̀pà, èyí tí a sé ní àwọn ọdún 1970. Ibẹ̀ ni a ti ń fa omi fún ibùgbé àti yàrá ìwádìí. Nínú ìlú, kànga àti ihò omi ẹlẹ́rọ tí olúkúlùkù gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Ìyàtọ̀ yìí ń bí àwọn ará ìlú nínú, àwọn kan sì ń béèrè pé kí ló dé tí omi tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ kò fi lè dé ilé ọmọ Ifẹ̀.

Ìdáhùn ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìdáhùn ìmọtara-ẹni-nìkan. Adágún náà ní ìwọ̀n. Iye ènìyàn kan ni a kọ́ ọ fún. Bí a bá tú ọ̀pá rẹ̀ sí ìlú láìfi kún un, kò ní tó ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn wà tí a kì í sábà sọ: ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ adágún Ọ̀pà fẹ̀ ju ọgbà Yunifásítì lọ. Òjò tó rọ̀ sórí ilé, oko àti àkìtàn tó wà lókè odò, inú adágún náà ló ń parí sí. Igi tí a bá gé lókè, erùpẹ̀ rẹ̀ ni yóò kún ìsàlẹ̀ adágún, àyè tó kù fún omi yóò sì dín kù. Ìdọ̀tí tí a bá dà sójú àgbàrá yóò dé ilé tí wọ́n ti ń sẹ omi.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni omi ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lókè odò ló ń pinnu irú omi tí ẹni ìsàlẹ̀ yóò mu. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ omi tó mọ́ gbọ́dọ̀ ní ìfẹ́ sí bí a ṣe ń kó ìdọ̀tí ní àdúgbò tí kò sí nínú ọgbà rẹ̀. Bó bá ná owó síbẹ̀, omi ara rẹ̀ ló ná an lé. Ìlú náà, bó bá fi àyè sílẹ̀ lẹ́bàá odò láìkọ́lé sí i, ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ nípa omi náà yóò wúwo sí i. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Ohun tó nílò ni kí ẹni méjèèjì ka ara wọn sí ará odò kan náà.

Ibi tí a bá gbé nǹkan sí

Ìtàn Ilé-Ifẹ̀ kò jẹ́ kí a gbàgbé pé ibi tí a gbé ohun amáyédẹrùn sí lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ìhà Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tẹ Modákẹ́kẹ́ dó ní ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀. Láti ìgbà náà, ìjà ti wáyé láàárín wọn lọ́pọ̀ ìgbà, títí kan ti 1981 àti ti 1997 sí 2000. Ìṣákọ́lẹ̀, ilẹ̀ oko àti ipò wà lára ohun tó fa ìjà. Ṣùgbọ́n ohun tó tanná ran ìjà 1997 ni ìbéèrè nípa ibi tí olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà.

Ẹni tí kò mọ ìlú lè béèrè pé kí ni ó wà nínú ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí ènìyàn yóò torí rẹ̀ kú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀nà, iná, omi, iṣẹ́, ọjà tó máa ń dìde yí ilé iṣẹ́ ká, àti àmì pé ìjọba mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà níbẹ̀. Níbi tí ohun amáyédẹrùn kò bá tó, ẹni tí a gbé e fún ni a gbà pé ó ni ìlú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣètò ọ̀nà tuntun, ọjà tuntun tàbí ẹnu ọ̀nà kejì fún ilé ẹ̀kọ́. Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, ìlà lórí ìwé ni. Lójú ará àdúgbò, ìdájọ́ ni.

Èdè tí a fi ń ṣètò ìlú

A dé ibi tó kan àwa onímọ̀ èdè. Òfin méjì tó jáde ní 1992 ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin 88 dá lórí ètò ìlú àti agbègbè. Òfin 86 ní kí a ṣàyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí àwọn ará ìlú sì lè rí àbájáde rẹ̀, kí wọ́n sọ èrò wọn. Nínú òfin, ará ìlú ní ohùn. Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ìwé wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún èdè àwọn ayàwòrán àti àwọn amòfin. Màmá tó ni ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún kò lè kà á. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo ètò náà ni ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ àmì sára ògiri. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di àmì, ìjíròrò ti parí.

Àwọn kan lè sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ètò ìlú. Ìlú tó mọ odi, yàrà, ojúde, oríta, ibodè, ìta, ògbún, àkìtàn àti ojú àgbàrá kò lè ṣàìní ọ̀rọ̀ fún ètò ìlú. Ohun tó kù ni láti na àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dé ibi tuntun. Àyè tí òfin ní kí a fi sílẹ̀ láàárín ilé àti títì, a lè pè é ní ojúde ilé, nítorí gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé a kì í kọ́lé sójúde. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kan, a lè pè é ní ìkóṣàn odò. Àwòrán tó ṣàlàyé bí ìlú yóò ṣe rí ní ogún ọdún sí i, a lè pè é ní àwòrán ìtẹ̀dó, torí pé ìlú títẹ̀dó kò parí ní ọjọ́ kan. Àbá ni ìwọ̀nyí. Àwọn ẹlòmíràn lè ní èyí tó dára jù ú lọ, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà.

Ohun tí ọ̀rọ̀ lásán kò lè ṣe ni kí ó kọ́ ọ̀nà tàbí gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n onílé tó gbọ́ pé a kì í kọ́lé sójúde ti ní ìdí tirẹ̀ láti fi àyè sílẹ̀. Ẹni tí a kàn sọ fún pé ó rú òfin kan tí a fi nọ́ńbà pè kò ní ju ìbẹ̀rù lọ, ìbẹ̀rù a sì máa kúrò nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti gba ẹ̀yìn lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ẹ̀ka èdè Yorùbá ń wá iṣẹ́ àṣekágbá tó nítumọ̀ lọ́dọọdún. Kíkọ ìwé ètò ìlú kan ní Yorùbá tó já gaara, kí a sì kà á létí àwọn onílé, àwọn ọlọ́jà àti àwọn olórí àdúgbò, tó iṣẹ́ ìwádìí kan.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àríyànjiyàn tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ìjà láàárín ọ̀làjú àti àìmọ̀kan. Ìlú náà ti ní ilẹ̀ títẹ́ àti odi ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí a tó dá Yunifásítì sílẹ̀. Ohun tó yí padà ni ààlà. Odi kó gbogbo ènìyàn sínú ewu kan náà, àti ẹni tó ní àǹfààní àti ẹni tí kò ní. Ọgbà jẹ́ kí apá kan ìlú ní ètò, ó sì fi apá kejì sílẹ̀ láìní, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́, àgbàrá, owó àti àìsàn ń kọjá láti apá kan sí èkejì lójoojúmọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ tó ní ayàwòrán-ilé, onímọ̀ nípa omi, awalẹ̀pìtàn, amòfin àti onímọ̀ Yorùbá kò yẹ kí ó jìnnà sí ìlú tó gbé e ró ní ìwọ̀n ìbú títì kan. Ìlú tó ní ìtàn bíi ti Ifẹ̀ kò sì yẹ kí ó máa dúró de ìgbà tí ẹnì kan yóò wá mú ayé rẹ̀ dẹrùn fún un. Ibi tí a lè bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a ka ìṣísẹ̀ tó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá ní gbogbo ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀ ní èdè tí onílé lè kà, kí a sì jókòó tì í láti jíròrò lé e lórí.